Ohun Tí Mo Rí Kọ́ Nígbà Tí Mo Ṣí Ilé Àwo Sí Òkè-Àró

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń béèrè lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ṣe é tí mo fi ṣí ṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ pé kìkì àwo orin la ń tà níbẹ̀, ní àdúgbò Òkè-Àró níbí, ní Àkúrẹ́ Olóyèmẹ̀kún, láyé tí gbogbo orin ti wọ inú fóònù. Àwọn kan ń béèrè nítorí pé àwọn náà fẹ́ ṣe irú rẹ̀ ní Oǹdó tàbí ní Ọ̀wọ̀. Àwọn mìíràn kàn fẹ́ mọ̀ bóyá owó wà níbẹ̀ ni. Màá sọ èyí tí mo mọ̀. Etí ni òwò yìí dúró lé. Ẹni tí kò bá ráyè jókòó gbọ́ àwo pẹ̀lú ẹni tó ni ín kò ní í rí àwo rà, bó bá sì rí i rà, kò ní í rí ẹni tà á fún.

Iṣẹ́ àtúnṣe rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni mo kọ́, òun ni mo sì fi ń jẹun kí èyí tó dé. Lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Àrákàlé, àwọn èèyàn a máa gbé rédíògíráàmù ayé àtijọ́ wá: àpótí pákó gbọọrọ lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, rédíò lápá kan, chénjà tó ń yí àwo lápá kejì, sípíkà nínú ikùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kì í padà wá gbé e mọ́. Ọmọ wọn á ti ra tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ fún wọn, wọn á wá ní kí ọ̀gá bá àwọn tà á. Bí a bá ṣí ìdérí rẹ̀, a sábà máa ń bá àwo kan lórí rẹ̀, èyí tí wọ́n gbọ́ kẹ́yìn. Àwọn àwo wọ̀nyẹn ni mo kọ́kọ́ kó jọ.

Ohun tó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ wọ òwò yìí mọ̀ ni pé kò sí ibi tí yóò ti lọ kó ọjà. Láyé ọjọ́un, Decca, EMI àti Philips ń gbé àwo jáde láti Èkó, ó sì ń dé gbogbo ìlú. Láàárín àwọn ọdún 1980 sí 1990, kásẹ́ẹ̀tì gba ọjà lọ́wọ́ àwo, sídíì tún gbà á lọ́wọ́ kásẹ́ẹ̀tì, kí fóònù tó wá kó gbogbo wọn tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nítorí náà, inú ilé àwọn èèyàn ni ọjà mi wà: abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, orí kọ́bọ́ọ̀dù, yàrá tí wọ́n ń kó tááyà àti sìmẹ́ńtì tó ṣẹ́kù sí. Lágbègbè wa níbí, owó kòkó ló ra ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí wọ́n bá ti ta kòkó tán lọ́dún tó dára, àgbẹ̀ tọ́wọ́ rẹ̀ bá tẹ nǹkan á ra rédíògíráàmù, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra àwo sí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń rí àwo tó jíire ní Ìdànrè, ní Ilé-Olújì àti ní àwọn abúlé ojú ọ̀nà Oǹdó ju ìgboro Àkúrẹ́ fúnra rẹ̀ lọ.

Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan ní Ìdànrè ni ọ̀rọ̀ etí tí mo sọ lókè yìí ti yé mi. Ọmọ wọn tó wà ní Èkó ló pè mí, pé páálí àwo bàbá àwọn tó ti dolóògbé wà nílé, kí n wá kó o. A ti dúnàá-dúrà lórí fóònù, a ti fẹnu kò sí iye kan. Nígbà tí mo débẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ kí màmá, wọ́n ní kí n dìde, wọ́n ní kí wọ́n bu omi fún mi. Páálí náà ti wà nílẹ̀ ní pálọ̀, páálí mílíìkì tí wọ́n fi okùn wé lọ́nà méjì. Bí mo ṣe fẹ́ nawọ́ sí i, màmá ní, "Dúró ná, ọmọ mi. Ṣé o mú ẹ̀rọ dání?"

Mo ní ẹ̀rọ kékeré alápòótí kan tó ń lo bátìrì, òun ni mo fi ń yẹ àwo wò. Mo lọ gbé e wọlé. Màmá tú okùn fúnra wọn, wọ́n ń ṣí àwo lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi kan èyí tí wọ́n ń wá. Èèpo rẹ̀ ti ya lápá kan, wọ́n ti fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. "Ojú kejì ni o," ni wọ́n wí. Mo yọ àwo náà, mo gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé lójú fèrèsé. Gbogbo ojú rẹ̀ dúdú, ó ń dán, àfi ibì kan nítòsí bébà àárín tí kò fẹ̀ ju ìka ọwọ́ kan lọ. Àwọ̀ ibẹ̀ ti di ti eérú. Ẹni tó bá mọ àwo mọ ohun tó fa irú rẹ̀: abẹ́rẹ́ ló ti jẹ ẹ́. Ojú kan náà ni ẹnì kan ti ń gbé abẹ́rẹ́ lé láti ọdún gbọọrọ wá.

Ibẹ̀ gan-an ni mo sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀ sí. Ó ń ha, ó ń ta, ṣùgbọ́n ohùn olórin náà jáde. Ó pe bàbá lórúkọ, ó ki bàbá tó bí wọn, ó mẹ́nu ba oko wọn, ó wá yí sí màmá, ó ní kí ìyàwó ilé máa yan bó ṣe wù ú. Màmá ń bá a gbè é, ẹnu wọn kò fo ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tó kọjá, wọ́n ní, "Òkú ìyá ọkọ mi ni wọ́n wá bá wa ṣe níbí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n gbé e sínú àwo. Kó ìyókù. Èyí kò lọ síbì kankan."

Ọmọ tó wà ní Èkó kò mọ̀ pé wọ́n ki bàbá òun sínú àwo rárá. Màmá wá ń sọ ti àwọn ìyókù fún mi: èyí tí wọ́n rà nígbà tí wọ́n lọ sí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, èyí tí àna wọn fi ta wọ́n lọ́rẹ, èyí tó jẹ́ pé ọ̀sán Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni wọ́n ń gbọ́ ọ. Mo jókòó títí oòrùn fi yí. Kí n tó dìde, màmá kan tó wà nílé kejì ti gbọ́ orin láti ìta, àwọn náà sì ti lọ gbé tiwọn wá.

Ìlànà tí mo ń tẹ̀ lé di ọjọ́ òní nìyẹn. Ẹni tó ni àwo ni mo ń bá parí ọ̀rọ̀, kì í ṣe ọmọ rẹ̀ tó ń kánjú kí yàrá ṣófo. A máa gbọ́ ọ ná. Ẹni náà á yọ èyí tó fẹ́ kó kù sílé, lẹ́yìn náà la ó tó sọ̀rọ̀ owó. Ó máa ń gba àkókò, àwọn mìíràn nínú òwò yìí sì ń sọ pé mo ń fàkókò ṣòfò. N kò gbà. Àwo tó dára jù nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ọ̀nà báyìí ló gbà wọlé.

Ẹ̀kọ́ kejì ti inú èyí jáde. Ẹni tó bá mọ jùjú dáadáa mọ̀ pé orúkọ kì í wọ́n lẹ́nu olórin. Nínú àwo ńlá àwọn ọdún 1970, ojú kan lè jẹ́ orin tó ń wọnú ara wọn láìdúró fún bí ìṣẹ́jú 15 sí 20, olórin á sì máa ki àwọn tó ń náwó fún un: oníṣòwò, agbaṣẹ́ṣe, olóyè, ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́. Ti àpàlà àti sákárà náà kò yàtọ̀. Púpọ̀ nínú orúkọ wọ̀nyí kò sí lára èèpo àwo, íntánẹ́ẹ̀tì kò sì mọ̀ wọ́n. Àfi ẹni tó bá gbọ́ àwo náà dópin ló lè mọ ẹni tó wà níbẹ̀.

Mo wá ra ìwé ńlá kan, irú èyí tí àwọn oníṣòwò fi ń ṣírò gbèsè. Mo pín in sí ìlú: Àkúrẹ́, Oǹdó, Ọ̀wọ̀, Ìkàrẹ́, Ìdànrè, Òkìtìpupa, pẹ̀lú àwọn ìlú Èkìtì tó wà pẹ̀lú wa ní ìpínlẹ̀ kan náà títí di 1996. Bí mo bá ti gbọ́ orúkọ kan nínú àwo, màá kọ orúkọ náà síbẹ̀, màá kọ oríkì tí wọ́n fi kì í, nọ́ńbà àwo, ojú tó wà, àti ìṣẹ́jú tó bọ́ sí. Ìwé yẹn níye lórí lójú mi ju àwo èyíkéyìí tó wà lórí sẹ́lófù lọ. Àwọn èèyàn kì í wọlé wá béèrè orúkọ orin. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́, mò ń wá àwo tí wọ́n ti ki bàbá mi." Wọ́n lè má mọ olórin. Ohun tí wọ́n rántí lè jẹ́ ayẹyẹ tí wọ́n ṣe, tàbí àwọ̀ èèpo àwo náà. Mo máa ń béèrè iṣẹ́ tí bàbá ṣe, ẹgbẹ́ tí wọ́n wà, àti oríkì ilé wọn. Oríkì ló ń tètè mú mi débẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń jẹ́ orúkọ kan náà, ṣùgbọ́n oríkì ilé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ kò gùn. Wọ́n ní kí n wá àyè sí ojú ọ̀nà Ọba Adésídà, pé ibẹ̀ lèrò wà. Ní ojú ọ̀nà yẹn, ariwo jẹnẹrétọ̀ àti sípíkà àwọn tó ń ta fóònù kò ní í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohun tó wà nínú àwo. Mo yan Òkè-Àró nítorí pé ilé àwọn àgbà pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì lè fẹsẹ̀ rìn wá. Kí n tó san owó ilé, mo lọ dúró ní òdìkejì títì láàárọ̀, mo tún lọ lọ́sàn-án àti ní ìrọ̀lẹ́, mo ń wo ibi tí oòrùn ń bá wọlé. Oòrùn ọ̀sán tó bá ràn sára àwo gba fèrèsé, kò ní í pẹ́ tí yóò fi ká a, àwo tó bá sì ti ká, ó ṣòro kó tó tún tẹ́ pẹrẹsẹ. Ṣọ́ọ̀bù méjì tó wù mí ni mo fi sílẹ̀ nítorí èyí.

Kápẹ́ńtà tèmi kọ́kọ́ fẹ́ fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe sẹ́lófù. Mo sọ fún un pé ọgọ́rùn-ún àwo ńlá pẹ̀lú èèpo wọn wúwo tó ìdajì àpò sìmẹ́ńtì, ó sì yí pákó padà kíá. A pín sẹ́lófù sí yàrá kéékèèké kí àwo lè dúró ṣánṣán, kí wọ́n má baà fara ti ara wọn. Ní iwájú, níbi tí ojú á kọ́kọ́ bà, mo to àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ wa síbẹ̀: King Sunny Adé tí ìdílé wọn jẹ́ ìdílé ọba ní Oǹdó, Orlando Owoh ọmọ Ifọ̀n, tó bá ẹgbẹ́ eré Kọ́lá Ògúnmọ́lá ṣiṣẹ́ kó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1960, Comfort Omoge tó gbé orin Ìkálẹ̀ sínú àwo. Inú mi máa ń dùn bí àlejò bá dúró níbẹ̀ tó sọ pé, "Ṣé gbogbo àwọn wọ̀nyí, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ti wá?"

Ibi tó gbà mí lówó jù ni ìjókòó. Bẹ́ǹṣì gígùn kan, àga onírọ̀rí fún àwọn àgbà, ẹ̀rọ tó dára láàárín, sípíkà méjì ní igun. Nígbà kan tí mo lọ sí Jazzhole ní ojú ọ̀nà Awólọ́wọ̀ ní Ìkòyí, níbi tí wọ́n ti ń ta ìwé àti àwo pọ̀, ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn ni pé kò sẹ́ni tó ń lé oníbàárà. Ẹ jẹ́ kí èèyàn jókòó. Ẹni tó bá jókòó á gbọ́, ẹni tó bá gbọ́ á rántí nǹkan, ẹni tó bá rántí nǹkan á ní, "Irú èyí wà nílé wa o."

Lọ́jọ́ tí a ṣí i, ìrọ̀lẹ́ Ẹtì ni mo yàn. Ní Àkúrẹ́, ẹni tó bá pe èèyàn sí nǹkan ní Sátidé ń bá òkú, ìgbéyàwó àti ìwúyè du àlejò ni. A kò ta tápólì, a kò gbé sípíkà síta. Mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ wà, omi tútù wà. Òfin kan ṣoṣo ni mo ṣe: ẹni tó bá fẹ́ mú àwo kan, yóò yan ojú kan, a ó sì gbọ́ ojú yẹn dópin. Àwọn ọmọ yunifásítì FUTA tó wá kò kọ́kọ́ fara mọ́ ọn. Etí wọn ti mọ́ orin ìṣẹ́jú mẹ́ta, ọwọ́ wọn sì ń yún wọn láti fò ó. Bàbá kan tó jókòó sórí àga onírọ̀rí ní, "Ẹ ní sùúrù, ẹ̀yin ọmọ mi, ìlù ò tíì dé." Òótọ́ ni. Nínú jùjú àtijọ́, olórin á kọ́kọ́ wí tirẹ̀, gìtá á dá sí i, lẹ́yìn náà ni gángan á wá gba iwájú, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí gángan bẹ̀rẹ̀, bàbá ń túmọ̀ ohun tí ìlù ń sọ fún àwọn ọmọ náà bó ṣe ń lọ, òwe tẹ̀lé òwe. N kò rí ẹni tó wo fóònù títí abẹ́rẹ́ fi dé òpin. Méjì nínú àwọn ọmọ yẹn ṣì ń wá títí di òní, ọ̀kan nínú wọn ló sì ń bá mi kọ orúkọ sínú ìwé ńlá.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ìtọ́jú, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwo ti ń bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ràn wọn. Irú àwo méjì ló pọ̀ nílé àwọn èèyàn. Èyí tó pẹ́ jù ni àwo tó wúwo, tó le, tó ń yí ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan. Irú rẹ̀ ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kọ orin Yorùbá sí ní London ní 1922. Bó bá bọ́ lọ́wọ́, ó fọ́ nìyẹn. Èyí tó tẹ̀ lé e ni àwo oníke: àwo ńlá tó ń yí ìgbà 33, tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1948, àti àwo kékeré tó ń yí ìgbà 45, tó tẹ̀ lé e ní 1949. Àwọn èèyàn a máa fi sípíríìtì nu gbogbo rẹ̀. Ẹ má ṣe dán an wò lára àwo 78. Ohun tí wọ́n fi ṣe é jẹ́ oje tí kòkòrò kan ń pọ̀ sára igi, sípíríìtì sì máa ń yọ́ ọ. Bí ẹ bá fi nù ún, orin inú rẹ̀ lẹ ń nù lọ. Omi tí kò ní iyọ̀ kankan nínú ni mò ń lò, irú èyí tí wọ́n ń sè tí ooru rẹ̀ ń padà di omi. Àwọn tó ń ta nǹkan bátìrì ọkọ̀ ní i, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n dáadáa kí wọ́n má lọ fún yín ní ásíìdì. Ọṣẹ ìfọwo ẹ̀kán kan ti tó. Aṣọ rírọ̀, kí ẹ máa nù ún yí po bí ojú ọ̀nà abẹ́rẹ́ ṣe yí, kí omi má kan bébà àárín. Abẹ́ òjìji ni kó ti gbẹ.

Abẹ́rẹ́ náà ní tirẹ̀. Ojú ọ̀nà tó wà lára àwo 78 fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ti àwo ńlá, nítorí náà abẹ́rẹ́ kan kò lè ṣe méjèèjì. Àwọn chénjà àtijọ́ ní orí abẹ́rẹ́ tó ṣeé yí, ẹnu kan fún 78, ẹnu kejì fún ìyókù. Ọ̀pọ̀ àwọn tó gbé ẹ̀rọ wá fún mi pé ohùn rẹ̀ ti burú, kò ju pé mo yí orí abẹ́rẹ́ náà síbi tó yẹ lọ. Lákòókò òjò, ìṣòro mìíràn tún wà: èèpo àwo tó bá wà lára ògiri tútù á hùkàsì, èyí á sì ran àwo inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wà láàárín sẹ́lófù àti ògiri.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti bàbá tíṣà kan ní Ìjàpọ̀, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èèyàn báyìí. Ọmọ wọn obìnrin fi ẹ̀rọ kan ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ tó lẹ́wà. Wọ́n ra àwo I. K. Dairo lọ́dọ̀ mi, wọ́n sì dá a padà lọ́jọ́ kejì. "Ọmọ mi, èyí kì í ṣe ohùn I. K. Mo mọ ohùn I. K." Mo fi àwo náà sórí ẹ̀rọ tèmi, ohùn náà jáde bó ṣe yẹ, bàbá sì mi orí. Mo tẹ̀ lé wọn délé. Wọ́n ti ra tiransifọ́mà tó ń sọ iná wa di ti Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ náà sì ń ṣiṣẹ́, kò jóná. Ṣùgbọ́n orin náà wọ́, ohùn olórin ti lọ sísàlẹ̀, agogo kò dún kán-ún kán-ún mọ́. Ohun tó fà á nìyí: iná tiwọn ń lọ ń bọ̀ ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwa ń ṣe é ní ìgbà 50. Tiransifọ́mà lè dín agbára iná kù, kò lè yí ìyẹn padà. Mọ́tò tó bá jẹ́ pé iná ló ń tẹ̀ lé, kò ní í yára tó mọ́ níbí: níbi tó ti yẹ kí àwo yí ní ìgbà 33 ní ìṣẹ́jú kan, kò ní í pé 28. Mo tú ẹ̀rọ náà, mo wọn púlì tó wà lórí mọ́tò, mo sì gbé e lọ fún ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin kó ṣe òmíràn tó sanra jù ú lọ ní ìdá kan nínú márùn-ún. Nígbà tí a fi sí i, bàbá tíṣà ní kí n padà sí ìbẹ̀rẹ̀ orin. A gbọ́ ojú méjèèjì. Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ láti òkè òkun, kó béèrè bóyá mọ́tò rẹ̀ lè gba 50, tàbí kó ra irú èyí tí iyára rẹ̀ kò dúró lé iná ilé.

Ní ti owó, màá sọ òótọ́. Àtúnṣe chénjà, bẹ́líìtì àti abẹ́rẹ́ ń mówó wọlé ju àwo lọ. Ohun tó tún ń mówó wá, tí n kò rò tẹ́lẹ̀, ni ayẹyẹ ọjọ́ ìbí àwọn àgbà. Bí bàbá tàbí màmá kan bá fẹ́ pé ọgọ́rin ọdún, àwọn ọmọ á ní kí n gbé ẹ̀rọ àti àwo wá, kí n sì wá ibi tí wọ́n ti ki ẹni náà tàbí àwọn ìbátan rẹ̀. Àwo tí mò ń tà, mo máa ń jẹ́ kí oníbàárà gbọ́ ọ tán kó tó sanwó. Mo pín wọn sí mẹ́ta: èyí tó mọ́, èyí tó ń ha tó ń ta lábẹ́ abẹ́rẹ́ ṣùgbọ́n tí kò fò, àti èyí tó ń fò. Èyí tó ń fò, n kì í pe owó lé e. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ nítorí èèpo rẹ̀ lè mú un.

Àwọn oníbàárà kan ń fẹ́ kí n da àwo sínú fóònù fún wọn kí n sì gba owó. N kì í ṣe é. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà tuntun tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní 2023 wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ní kò sí òfin, mo mọ bí àwọn olórin wọ̀nyí ṣe jà kí èrè iṣẹ́ wọn lè bọ́ sọ́wọ́ wọn. Haruna Ishola àti I. K. Dairo, èyí tó ń kọ àpàlà àti èyí tó ń kọ jùjú, para pọ̀ dá STAR Records sílẹ̀ ní 1969 nítorí rẹ̀. Fún orin tí à ń gbọ́ ní gbangba nínú ṣọ́ọ̀bù, mo lọ bá MCSN tó ń gba owó ẹ̀tọ́ fún àwọn olórin.

Àwọn tó ń ra àwo lọ sí òkè òkun náà ń wá. N kò bínú sí wọn. Àwo ti padà sọjí lọ́dọ̀ wọn: ní Amẹ́ríkà, owó tí wọ́n pa lórí àwo ní 2020 ju ti sídíì lọ, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí láti 1986. Wọ́n máa ń sanwó dáadáa, wọ́n sì ń tọ́jú ohun tí wọ́n bá rà. Èyí tó ká mi lára ni pé òkìtì ni wọ́n máa ń rà á, láìgbọ́ ọ, tí àwo tí wọ́n ti ki èèyàn Ìjàrẹ̀ tàbí Ìtaògbólú á sì bá a lọ, tí ìdílé náà kò ní í mọ̀ pé ó wà rí. Nítorí náà, àwo tí orúkọ ẹni tó wá láti ìpínlẹ̀ yìí bá wà nínú rẹ̀ kì í kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi kí n tó wá ìdílé náà kàn. Bí wọn kò bá fẹ́ ẹ, ó di ti ẹni tó bá sanwó.

Ní báyìí, àwọn tí mò ń wá jù ni àwo àwọn olórin Àkókó, Ọ̀wọ̀ àti Ìlàjẹ, pàápàá àwọn àwo kéékèèké tó ń yí ìgbà 45, nítorí wọ́n wọ́n, orúkọ púpọ̀ sì wà nínú wọn tí n kò tíì kọ sínú ìwé. Bí ẹ bá ní irú rẹ̀ nílé, ẹ gbé e dúró, ẹ má tò ó lé ara wọn, ẹ má sì fọ̀ ọ́ kí n tó rí i. Bó bá tilẹ̀ ti fọ́, ẹ má dà á nù. Ẹ mú bébà àárín rẹ̀ wá fún mi. Nọ́ńbà wà lórí rẹ̀, irú èyí tí Decca máa ń fi WAPS tàbí DWAPS bẹ̀rẹ̀ lórí àwo ńlá tiwọn, òun ni mo fi máa mọ èyí tí màá bá yín wá òmíràn rẹ̀.